Ọjọ́ Mẹ́ta ní Langkawi Kí A Tó Padà sí Baṣọ̀run

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí a fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé onílé wa lọ́wọ́ ní Kajang, ìlú kan tí kò jìnnà sí Kuala Lumpur ní orílẹ̀-èdè Malaysia. Ọdún mẹ́fà la lò níbẹ̀. A ti ta bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì, a ti fi ìkòkò ta àwọn aládùúgbò lọ́rẹ. Àpótí mẹ́ta wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan di ọjọ́ tí a ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé. Ẹyọ kan la mú dání, pẹ̀lú Màríámù ọmọ wa tó ń sùn léjìká mi.

Inú Ràṣídátù ìyàwó mi kò dùn títí a fi dé ibùdókọ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tí a ń di ẹrù, ó ti bi mí pé, "Bàbá Màríámù, ẹ̀yin ń mú oyè ọ̀mọ̀wé lọ sílé. Kí lèmi ń mú lọ?" Bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ló ń tẹ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kàwé, owó iṣẹ́ rẹ̀ la sì fi ń san owó ilé. Kò sùn sórí ọ̀kankan nínú wọn rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a lọ sinmi ní erékùṣù Langkawi ná.

Wákàtí mẹ́jọ ni bọ́ọ̀sì fi gbé wa dé etí òkun. Ọ̀nà náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ń ti Ṣàngó lọ sí Apẹtẹ ní Ìbàdàn kò ní gbà pé ọ̀nà lè rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí a ti sinmi, a ra nasi lemak ní ringgit mẹ́ta. Ringgit ni náírà tiwọn. Ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè ni, pẹ̀lú ẹ̀pà, ẹja wẹ́wẹ́ àti ata, wọ́n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ọn bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ. Ẹ̀yìn náà la wọ ọkọ̀ ojú omi.

Bàbá awakọ̀ kan ló gbé wa láti èbúté lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ dé sí. Ó bèèrè ọjọ́ tí a ó kúrò.

Mo ní, "Alàmísì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Khamis làwa náà ń pè é. Ṣé Mùsùlùmí ni yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀nà ilé wa jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kò jìnnà síra.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, Ràṣídátù ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti nu ilé ìwẹ̀. Obìnrin kan kanlẹ̀kùn, Kak Nor, ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Kak ni wọ́n ń pe ẹni tó juni lọ lóbìnrin, bí a ṣe ń pe àǹtí. Ó wo igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà.

"Àlejò kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí. Ta ló kọ́ ọ?"

Ìyàwó mi gbọ́ èdè wọn jù mí lọ. Ó dáhùn pé, "Iṣẹ́ mi ni, fún ọdún mẹ́fà."

"Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń rán ọmọ mi ní yunifásítì."

"Ọkọ mi lèmi fi rán."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, Kak Nor fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà yọ. "Jókòó, àbúrò mi. Lónìí, èmi ni n ó tẹ́ ẹ fún ọ."

Ràṣídátù jókòó, ó káwọ́ lé itan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó sùn fún wákàtí mẹ́rin gbáko.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màríámù ń gbẹ́ yanrìn létí òkun. Mo bi ìyàwó mi pé, "Bẹ́ẹ̀dì mélòó lo ń tẹ́ lójúmọ́?"

"Mẹ́rìnlá. Nígbà mìíràn, ó máa ń tó ogún."

Ojú tì mí. Mo ti máa ń dúpẹ́ owó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká gbádùn òkun." Títí a fi kúrò níbẹ̀, kò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Lọ́jọ́ tí a délé, àbúrò mi wá gbé wa ní Èkó, a gba Challenge wọ Ìbàdàn nínú òjò. Ring Road kún fọ́fọ́, a rọra gba Bódìjà já sí Baṣọ̀run. Ẹbí ti pé jọ, wọ́n ń pè mí ní Dókítà. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo sọ fún ìyá mi níṣojú gbogbo wọn pé Ràṣídátù ló rán mi níwèé, mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ tó ṣe.

Kò ya ìyá mi lẹ́nu. "Mo mọ̀. Kò sọ fún mi o. Bó bá pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni mo ń retí kí o mọ̀ ọ́n."

Alùhámúdùlíláì, mo padà mọ̀ ọ́n.