Mọ́tò Pupa Tí Èmi àti Bàbá Mi Tún Ṣe

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níwájú ilé ìfowópamọ́ kan ní Àgọ́ Palace, mo gbọ́ ìró kan tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà ọmọdé mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń yí ọkọ̀ rẹ̀ jáde sójú títì, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀ débi pé ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì ń bú ramúramù. Kì í ṣe ariwo sàlẹ́ńsà ló dá mi dúró. Ìró kékeré kan ni, fììì, fììì, tó ń jáde nígbàkigbà tó bá yí sitiárìn sápá òsì. Táyà rẹ̀ ló ń ha nǹkan. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbá fèrèsé ọmọ náà, mo ti kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí, mo ń yọjú sábẹ́ mọ́tò ọmọ ọlọ́mọ.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á ní mo gbá yín ni!"

Mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ róbà bíréèkì rẹ̀ wò, èyí tí omi bíréèkì ń gba inú rẹ̀ dé ìdí táyà. Ó dúpẹ́, àmọ́ ó ń wò mí bí ẹni tó rí adìẹ tó ń ka ìwé ìròyìn. Torí òun àti ẹ̀yin ojúgbà rẹ̀ tí ẹ ń fọwọ́ ara yín tún mọ́tò ṣe lẹ́yìnkùlé ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ìsọlọ̀ là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀rọ̀ alábòsí. Ìsẹ́yìn ni Bàbá wa ti wá sí Èkó. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù ló ń tà ní Òṣòdì. Ó lè di ojú kó fi ìka kan nọ́ọ̀tì kan, kó sì sọ sípánà tó máa tú u fún ọ láìṣì í. Ọwọ́ Èèbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ti ra mọ́tò náà: Gọ́ọ̀fù pupa kan, onílẹ̀kùn mẹ́ta, tó ti wà lójú kan tí aláǹgbá ti bímọ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tára rẹ̀ le, bó ti kéré tó yẹn, ó máa ń já àwọn ọkọ̀ ńláńlá sílẹ̀ lójú títì. Agbo èèyàn mẹ́jọ ló tì í wọ agboolé wa. Àwọn ará ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ìwé kan wà nínú rẹ̀, ó nípọn bíi bíríkì, tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tú gbogbo ara rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tò ó padà. Bàbá wa mọ Kùránì kà dáadáa, àmọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo gbọ́. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùọ̀dá Múfú, sì wà níléèwé gíga ní Ìlọrin. Báyìí ni mo ṣe di ògbufọ̀ mọ́tò. Mo máa jókòó sórí àpótí, ìwé á wà lórí itan mi, Bàbá á wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá ka Gẹ̀ẹ́sì sínú, màá sọ Yorùbá síta. Níbi tí mi ò bá ti mọ orúkọ nǹkan, màá ní, "Bàbá, ẹ tú nǹkan róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan gígùn yẹn." Bàbá á ní, "Mo ti rí i." Kó tó oṣù kan, mo ti kúrò lórí àpótí. Ọwọ́ mi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ ibi tí ọwọ́ Bàbá ò lè wọ̀.

Gbogbo òjò ọdún yẹn la fi ṣe é, ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ọjà àti ní ọjọ́ Àìkú láti àárọ̀. A tú orí ẹ́ńjìnnì, a pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì. A pààrọ̀ róbà bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì, èmi ni mo máa ń jókòó sídìí sitiárìn, Bàbá á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn táyà. "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Tú u sílẹ̀!" Títí di òní, bí oorun bá ń gbé mi lọ, mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Bàbá wá kábúrétọ̀ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní Òṣòdì, ó ní kí mọ́tò náà lè mí kanlẹ̀. Ìyá Sàídì, tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, máa ń dúró pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí.

"Ọmọbìnrin lábẹ́ mọ́tò! Ta ló fẹ́ fẹ́ irú èyí?"

"Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́ ni," Bàbá á dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mọ́tò náà kọ́kọ́ jí, èéfín tó tú jáde pọ̀ débi pé gbogbo aṣọ tí Ìyá Sàídì sá sórí okùn ló dúdú. Èmi àti Bàbá la jọ fọ̀ wọ́n, bàbá àti ọmọ, à ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá kànga bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, mi ò bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́: "Tó o bá ti ṣe tán níléèwé, ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́ yìí."

Mo ṣe tán níléèwé. Ọdún yẹn náà ni Bùọ̀dá Múfú ti Ìlọrin dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń pọ̀n mí kọjá omi lọ síléèwé nígbà tí àgbàrá bá kún Ìsọlọ̀. Àmọ́ àwọn àbúrò Bàbá wá láti Ìsẹ́yìn láti kí i káàbọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n sì bèèrè ẹni tó ni mọ́tò. Wọ́n ní dáwódù ló ni í, kí Bàbá má bàa di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Bùọ̀dá Múfú lójú gbogbo wa. Wọ́n ṣàdúrà, mo ṣe àmín.

Mo bá Bàbá níbi tó ń kó irinṣẹ́ sí. "Bàbá, ẹ ti ṣèlérí fún mi."

"Mo mọ̀." Ó ń nu sípánà kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Má bínú."

Mo bínú. Mo bínú débi pé oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Mo mú ìwé náà, mo fi í sábẹ́ aṣọ mi nínú àpótí, mo sì ti àpótí pa.

Bùọ̀dá Múfú fẹ́ kí mọ́tò náà rẹlẹ̀ bí èyí tó rí nínú ìwé àwòrán. Ó fi ayùn irin gé sípíríngì iwájú méjèèjì kúrú, ó ra táyà tó fẹ̀, ó kùn ún láró. Kò bi mí, èmi náà ò sọ nǹkan kan. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti ń gbọ́ fììì, fììì yẹn tó bá ń wọ agboolé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mò ń gbálẹ̀, mo dé ìdí táyà òsì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú sábẹ́ rẹ̀. Táyà fífẹ̀ yẹn ti ń ha róbà bíréèkì. Mo fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, mo sì rí okùn funfun inú rẹ̀ ketekete. Mo mọ ohun tí ìwé sọ. Èmi ni mo kà á sókè fún Bàbá: bí okùn rẹ̀ bá ti hàn, ẹ má wa mọ́tò náà. Mo dìde. Mo gbálẹ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bùọ̀dá Múfú wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ.

"Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ mọ mọ́tò yìí ju tèmi lọ. Bá mi yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ó ń pariwo kan tí kò yé mi."

"Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò, Bùọ̀dá Múfú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ṣì ń bínú," ó ní, ó sì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó gbé Bàbá lọ sí ọjà. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Bọ́ládé ní Òṣòdì, tí àwọn tó ń kiri ọjà kún ojú ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ pátápátá. Ìyókù bíréèkì kò tó dá a dúró. Kó má bàa wọ àárín èèyàn, ó yí i sápá ọ̀tún, ó fi í gbá ògiri. Kò pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Bàbá wa ní àṣà kan: tó bá wà nínú mọ́tò, ojú fèrèsé ló máa ń gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé. Ọwọ́ yẹn ló wà láàárín mọ́tò àti ògiri.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ìka mẹ́ta. Èyí tó kù le gbagidi bí igi. Bàbá wa, tó lè di ojú kó mọ nọ́ọ̀tì, kò lè di ṣíbí mú mọ́. Òwò rẹ̀ ní Òṣòdì di ohun tí àwọn ẹlòmíì ń bá a ṣe, títí tó fi parẹ́.

Gbogbo agboolé ló dá Bùọ̀dá Múfú lẹ́bi. Wọ́n ní gígé tó gé sípíríngì ló fà á, òótọ́ sì ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Bàbá ò bú u. Ó kàn dẹ́kun láti bá a jẹun nínú abọ́ kan náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí mò ń fi oúnjẹ sí Bàbá lẹ́nu, ó wò mí pẹ́.

"Ìwọ ni ǹ bá fún ní kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Ká ní ìwọ ni mo fún, èyí ò ní ṣẹlẹ̀."

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Mo gbà á. Mo bu òkèlè mìíràn, mo fi sí i lẹ́nu. Kó tó parí ọdún, Bùọ̀dá Múfú ti lọ sí Kánò, kò sì padà wá gbé Èkó mọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà ni Bàbá kú, láìmọ̀ pé mo ti rí okùn náà kí wọ́n tó jáde. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, Bùọ̀dá Múfú jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, bí àlejò. Nígbà tí àwọn ààfáà lọ tán, mo pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Nígbà tí mo lọ tú táyà yẹn lẹ́yìn ìjàǹbá náà, mo rí ojú àtàǹpàkò nínú ẹrẹ̀ tó wà lára róbà náà. Ta ló tún ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa?"

Mo wo àtàǹpàkò mi.

"Mo ń retí kí o sọ fún Bàbá," ó ní. "Kì í ṣe kí wọ́n lè bá ọ wí. Kí Bàbá lè tún bá mi jẹun ni."

Ó gbé mi dìde. Ó kí ìyá wa. Ó bá ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì lọ.

Agboolé wa ti di ilé alájà mẹ́ta báyìí, àwọn tó ń ta fóònù ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi yẹ mọ́tò wò. Mo rí àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì láàárín Ìsọlọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ta ni yóò fẹ́ wọn; inú mi máa ń dùn, á sì tún bàjẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo ti fi gbogbo ayé mi gbé òótọ́ yẹn síwájú èyí kejì, pé mo rí okùn náà mo sì dákẹ́, kò sì bò ó rí.

Gbogbo ọdún Iléyá ni Bùọ̀dá Múfú máa ń pè mí láti Kánò. Á bèèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, lórúkọ lórúkọ, á ṣàdúrà gígùn fún wọn, èmi á máa ṣe àmín. Kò tíì bi mí rí pé, ìwọ náà ńkọ́.