Tábìlì Màmá George

Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa lónìí, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Àna mi ni mo fẹ́ ròyìn. Hephzibah lorúkọ rẹ̀, ìyá George tó fẹ́ Oyèrónkẹ́ ọmọ mi. Màmá George ni mo ń pè é. Abẹ́ òrùlé kan náà la wà ní Tucker, ní Amẹ́ríkà níbí, nílé àwọn ọmọ wa.

Índíà ni wọ́n ti bí i, ní kọ́tàsì rélùwéè. Gẹ̀ẹ́sì ni baba ńlá ìran wọn, ọmọ Índíà ló fi ṣaya. Irú wọn pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣèjọba, ìyá àgbà rẹ̀ a máa jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ á sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Òun ló ń wọn ata àti ìyẹ̀fun fún Yakub, kúkù wọn. Ìyá àgbà á ní, "Ẹran sísun ti òyìnbó ni mo fẹ́ o!" Yakub á ní, "Mo gbọ́, Mà," á sì rọra ju atalẹ̀ sí i. Wọ́n á jà, wọ́n á jẹun, wọ́n á lá àwo.

Ibẹ̀ ni àna mi ti ní ọwọ́ ọbẹ̀. Tó bá ṣu ẹran lílọ̀ róbótóróbótó sínú ọbẹ̀ kọ́rì, tó fi omi àgbọn àti atalẹ̀ pupa se ìrẹsì, ará ẹ̀yìnkùlé á yọjú.

Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Snellville ṣe ọjọ́ oúnjẹ orílẹ̀-èdè gbogbo. Màmá George gbé ìkòkò rẹ̀ dé tábìlì Índíà. Wọ́n ní, "Aunty, èyí kì í ṣe tiwa." Ó gbé e dé ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní, "Mà, tábìlì Índíà wà lọ́hùn-ún." Ó gbé e padà sínú mọ́tò, kò ṣí i. Obìnrin kan láàárín àwa Yorùbá tún ń rẹ́rìn-ín, "Àdán ni, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ."

Mo ní, "Ta ló rí àdán tí ebi pa rí? Èso tó pọ́n jù nínú igbó, òun ló ń jẹ ẹ́!"

Lọ́dún yìí, Màmá George ní òun ò bẹ̀bẹ̀ àyè mọ́, òun á tẹ́ tábìlì tòun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ ata, àlùbọ́sà, ṣúgà àti fínígà pọ̀ sínú abọ́. Tútù ni wọ́n ń fi í jẹ ìrẹsì yẹn. Ó lọ wẹ̀. Oyèrónkẹ́ ti shift dé, ó rí ata lílọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí i tí ò ní gbé òróró kaná? Ó dín in dáadáa, ó rò pé òun ń ran ìyá ọkọ òun lọ́wọ́.

"Rónkẹ́! Kí lo ṣe?"

"Mo bá yín dín ata yín ni, Mà."

"Tútù la ń jẹ ẹ́!"

"Tútù kẹ̀? Ṣé inú ò ní run yín?"

Àna mi jókòó pọ̀ọ́. Ó ní òun ò lọ mọ́. Oúnjẹ ilé àwọn ò pé láìsí ata yẹn, àwọn èèyàn á sì tún rí nǹkan sọ.

Mo ní, "Màmá George, ẹ tọ́ ọ wò ná."

Ó fi ṣíbí bù ú. Ó tún bù ú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Yakub kejì nìyí! Bí ìyá àgbà mi bá ṣe ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ wa ń dùn sí i." Ó ta fínígà díẹ̀ sí i, ó ní ká gbéra.

Kò sí àsíá orílẹ̀-èdè kankan lórí tábìlì rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Pásítọ̀ Dáramọ́lá bi í léèrè, "Mummy, orílẹ̀-èdè wo nìyí?"

Ó na ọrùn. "Oúnjẹ ilé ìyá mi ni, Pásítọ̀. Ẹ gbé àwo wá."

Èèyàn tò dé ẹnu ọ̀nà. Orí mi wú, àfi bíi pé èmi ni mo sè é. Àwọn obìnrin tábìlì Índíà náà wá tọ́ ọ wò. Ọ̀kan lára wọn ní, "Aunty, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wá bá wa lò pọ̀."

Màmá George ń bu ìrẹsì fún un lọ́wọ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Àyè wà níbí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀."