Àga Tí A Ń Ta Òróró Sí

Òórùn òróró àdúrà ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí ọ́fíìsì wa ní Ìkẹ̀rẹ́. Mo rò pé ẹnìkan ló da òróró sílẹ̀ ni, àfi ìgbà tí mo rí àga dúdú kan ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí ara rẹ̀ ń dán. Àga gidi ni. Ó ní táyà lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ènìyàn dáadáa, irin kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a lè fà kí ó lọ sókè tàbí kí ó wá sílẹ̀. Akọ̀wé àgbà kan ló ń lò ó kí n tó dé. Wọ́n ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń tẹ̀wé lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó kàn fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ipò rẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí. Ọ̀gá wa obìnrin, tó jẹ́ díákónì ní ìjọ rẹ̀, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, mọ́ jókòó sórí àga yẹn o. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni." Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á tún ta òróró sí i. Kò sẹ́ni tó lè jù ú nù, nítorí dúkìá ìjọba ni.

Àga oníke ni wọ́n fún èmi. Bóyá ẹni gíga ni káfíńtà tó kan tábìlì wa fi wọ̀n ọ́n, nítorí àyà mi gan-an ló kàn bí mo bá jókòó. Èjìká mi á gbéra títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, ọrùn ọwọ́ mi á sì tẹ̀ mọ́ etí pákó. Ojú kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí wáyà iná lè dé, èmi ni mo sì ń yí ọrùn wò ó láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Kò tilẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti Ìgbàrà-Odò rí iṣẹ́ ìjọba, ó tún wá ń béèrè irú àga? Mo máa ń jókòó di ìrọ̀lẹ́ láìdìde kí wọ́n lè mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ni mí. Ìdí ń kú mọ́ mi lára, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo wà nínú oyún àkọ́bí mi nígbà tí ìka ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, bí mo bá jí láàárọ̀, ọwọ́ náà á ti kú títí dé ìgúnpá. Mo sọ fún ọ̀gá. Kò wo ọwọ́ mi, àga dúdú ló yíjú wò. Ó ní, "Ṣé o ò fara kàn án?" Mo rántí pé mo ti gbé báàgì mi lé e rí. Ẹ̀rù bà mí. Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nítorí ọwọ́ mi, orí àga oníke yẹn náà ni mo sì jókòó sí tí mo fi gbà á.

Nígbà tí mo bímọ, ìyá ọkọ mi wá láti Ògòtún láti bá mi wẹ ọmọ. Nílé tí mo wà, tí mi ò fojú kan tábìlì, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. A ní àdúrà ti gbà. Mo tiẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí, gbogbo ìjọ bá mi jó. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì pẹ́ tí èèrà náà fi padà, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi mi orí. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ubi uṣẹ́ rẹ ni kòkòrò ọ̀ún wà, ìyá ọmọ." Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń fura sí. Èmi náà kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbé ọmọ jáde nínú bàsíà ìwẹ̀. Ara kò ta mí, mi ò gbọ́ ìrora kankan. Ọwọ́ ọ̀tún mi kàn ṣí fúnra rẹ̀. Ọmọ yọ̀ bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ mi rí gbá mú, orí rẹ̀ sì ń mì lókè símẹ́ńtì. Ọmọ kò tètè ké. Màmá fi aṣọ wé e, ó pọ̀n ọ́n, ó ní kí n lọ múra ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ọmọ fún mi mọ́ àfi bí mo bá ti jókòó sórí ẹní. Kò bá mi wí rí, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Adó. Dókítà obìnrin tó rí mi tẹ ọrùn ọwọ́ mi, ó ní kí n fi àtàǹpàkò àti ìka mú bébà kan, bébà bọ́. Mo ń retí kó bi mí léèrè ọ̀tá. Ó ní, "Mà, báwo ni tábìlì yín níbi iṣẹ́ ṣe ga tó?" Inú bí mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ó ní kí n jókòó sórí àga tirẹ̀, ó fa irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé mi sókè títí ìgúnpá mi fi bá tábìlì dọ́gba, tí èjìká mi sì wálẹ̀. Ó ti àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ mi kó má bàa máa rọ̀ dirodiro. Ó ní kí ojú kọ̀ǹpútà wà níwájú mi gan-an, kó bá ojú mi mu, kí n sì máa dìde na ara. Ó wá ní, "Iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ yín kọjá ti há. Bẹ́ ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ọwọ́ yìí ò ní mọ nǹkan kan mọ́."

Ẹ mọ àga kan ṣoṣo tó ní irú irin yẹn ní ọ́fíìsì wa. Mo kọ́kọ́ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ tábìlì kúrú fún mi. Ó ní ta ni yóò gé dúkìá ìjọba? Ni mo bá nu òróró kúrò lára àga dúdú, mo jókòó. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀mí rẹ lo fi ń ṣeré yẹn o." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn yòókù ti wọ́ tábìlì tiwọn lọ sẹ́bàá fèrèsé. Èmi náà ń bẹ̀rù, mi ò ní purọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sán, màá fọwọ́ kan ẹnu mi bóyá ó ti ń wọ́. Kò wọ́. Ọrùn mi ló kọ́kọ́ sàn, èjìká tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni kò dúró dè mí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní Adó, ìrora lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà kò jí.

Èmùré ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọmọ mi sì ti ń lọ sí ilé-ìwé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kan iwájú orí rẹ̀, torí ọ̀tún kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Mo ti gba ìyẹn fún Ọlọ́run. Èyí tí mi ò tíì lè gbà ni ohun tí mo bá nígbà tí mo yà kí wọn ní Ìkẹ̀rẹ́ láìpẹ́ yìí. Àga dúdú ti padà sí kọ̀rọ̀, òróró ara rẹ̀ sì ti nípọn sí i. Wọ́n ní ó pa ọkùnrin kan, ó tún gba ọwọ́ obìnrin kan. Èmi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí. Ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ló wà lórí àga oníke, tábìlì kàn án láyà, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ̀rọ̀ tábìlì fún un, mo na ọwọ́ kí n mú ọwọ́ rẹ̀, kí n fi bó ṣe yẹ kó wà hàn án. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Ṣùgbọ́n ó ti kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.