Bàbá Tó Ń Wá Ilẹ̀ Gbágungbàgun

Ìtàn tí gbogbo Sabon Gari ní Kano mọ̀ nípa Alhaji Bàdírù Adéyanjú ni ti ọjọ́ tó ṣubú sínú poro oko ẹ̀pà lẹ́yìn Tarauni. Ọkùnrin mẹ́ta tó ń ti ọjà bọ̀ sáré gbé e dìde, wọ́n gbọn eruku ara rẹ̀ nù, wọ́n kí i kú ewu. Bàbá wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló bẹ̀ yín? Ẹ dá mi padà síbi tí ẹ ti bá mi."

Àgbà ló sọ̀rọ̀. Wọ́n rọra tẹ́ ẹ padà sínú poro. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì kí wọn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Ní báyìí, kò sí ọkùnrin Yorùbá kan ní Kano tí kì í sọ pé òun wà níbẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú lọ́dún 1981, nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ òsì padà gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọ́. Ara rẹ̀ ń fì. Ẹni tó máa ń dúró ní sáfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, ní mọ́ṣáláṣí wá di ẹni tó ń jókòó sórí àga kírun lẹ́yìn. Èyí ló dùn ún jù. Dókítà kan ní kó máa rìn lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, kí ara lè kọ́ bí yóò ṣe máa gbé ara rẹ̀ ró. Bàbá gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ẹ̀sìn.

Bó bá rí ọ̀nà ọ̀dà, yíyà ló ń yà fún un. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í wo àgbà níran kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́; ẹni tó bá rí i á di apá rẹ̀ mú, á sìn ín délé. Ìdí nìyí tó fi ń lọ jìnnà, síbi tí àwọn àgbẹ̀ Hausa á kàn ní "Sannu, Baba," tí wọ́n á sì máa roko wọn lọ. Ó ní àwọn tí kò ran òun lọ́wọ́ yìí ni ọ̀rẹ́ òun.

Ní ọjà Singer, wọ́n ń bi Ṣàràfá ọmọ rẹ̀ bóyá oúnjẹ ló wọ́n nílé tí bàbá fi ń ṣa ẹ̀pà lóko olóko. Ṣàràfá rí i pé ẹsẹ̀ náà ń lágbára sí i. Nígbà Iléyá, Bàbá dá dúró kírun títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó béèrè àga. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé borí ojú Ṣàràfá. Ó lọ kó àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá bẹ̀ ẹ́ kó má lọ sóko mọ́.

Wọ́n kún pálọ̀ fọ́fọ́. Bàbá ná wọn bí aṣọ: ó ní òun á máa lọ ní Àlàmísì nìkan, ó ní òun kò ní kọjá igi irú tó wà lẹ́nu oko. Wọn kò gbà. Nígbà tí èyí tó dàgbà jù fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Bàbá kígbe.

"Ẹ dìde. Mo gbà. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ pa mí."

Ṣàràfá da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá, ó dán bí àwo. Bàbá rìn yí i ká. Ó ní, "Ilé dára, ọmọ mi. Kò sóhun tí ẹsẹ̀ lè rí kọ́ níbẹ̀." Kí ọyẹ́ tó dé, ẹsẹ̀ ti gbàgbé ohun gbogbo. Ó padà sórí àga, láti orí àga ó bọ́ sórí ẹní.

Ṣàràfá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà lọ."

"Ẹsẹ̀ wo la fẹ́ gbé lọ? Ìwọ lọ bá mi kí poro àti àwọn òkúta rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Ṣàràfá ń lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tó sì ń padà wá jẹ́jọ́. Ṣé omi ti wọ poro? Òkúta olórí pípá ńkọ́? Lọ́jọ́ kan Ṣàràfá ní dáadáa ni gbogbo wọn wà, òun kò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kọ rárá.

"Ọ̀nà ọ̀dà lo gbà," ni Bàbá wí. Òótọ́ ni.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣàràfá padà dé pẹ̀lú eékún bíbó. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó sì fọ egbò náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fọ ojú ọmọ tuntun.

Ó kú lásìkò òjò 1984. Ṣàràfá ṣì ń lọ sí Tarauni. Ó ń kíyè sí poro tí omi ti wọ̀, ó ń kó o sínú, títí yóò fi kan ilẹ̀kùn ilé, tí yóò wá rántí pé kò sẹ́ni tó máa bi òun mọ́.