Orúkọ Tí N Kò Pè Nítorí Ìrẹsì

Èmi ò tijú pé mo ń tọ́jú bọ́n. Ẹni tó bá wù kó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Bútíìkì ńlá kan wà ní Kétu, tí ènìyàn bá ra ìrẹsì, òróró tàbí tòmátò alágolo níbẹ̀, wọn á ya bébà pupa kékeré kan fún un. Òun là ń pè ní bọ́n. A ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ kàátì tí wọ́n fún wa. Bí kàátì bá kún kí ọdún Kérésì tó dé, a ó mú un lọ, wọn á sì gbé odidi àpò ìrẹsì kan àti kẹ́ẹ̀gì òróró fún wa láìgba owó. Bí ọdún bá ti dé tí a kò tíì gbé e lọ, bébà lásán ni.

Nínú agbo ilé wa ní Okpomẹta, inú iná ni àwọn ìyàwó ilé yòókù ń ju bọ́n tiwọn sí. Mo ní kí wọ́n máa kó o fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó, ó ku kí o máa ṣa èèpo gbágùúdá." Mo ní bí èèpo gbágùúdá bá lè di ìrẹsì, ẹ gbé e wá, n ó ṣà á. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ń mú un wá bá mi, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín, èmi sì ń gbà á.

Kì í ṣe ahun ló ń ṣe mí. Àbúrò ọkọ mi kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu. Akọ̀wé ni mo ń pè é, torí wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé náà, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. A máa ń wá orúkọ tiwa fún ọmọ ọkọ, àmọ́ orúkọ ìyá ọkọ, ẹnu wa kì í tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Lọ́dọọdún ni Akọ̀wé ń gbé àpò ìrẹsì kan wá fún ọdún. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kì í gbé e sílẹ̀ kó dákẹ́. Yóò dúró sáàárín àgbàlá, yóò máa wo gbogbo wa yíká, yóò ní, "Bí kì í bá ṣe tèmi, kí lẹ máa fi ṣọdún nílé yìí?" Àwọn tó fi àgbàdo oko wọn rán an níwèé ló ń sọ ọ́ sí. Ọkọ mi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á wolẹ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú, bó ti sọ ọ́ báyìí, ìyá ọkọ mi gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Kò jẹun. Nígbà tí a jọ ń fọ abọ́, ó ní òun kò tún ní fi ẹnu òun jẹ ìrẹsì èébú mọ́, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀kọ lásán la máa fi ṣọdún. Ó dùn mí wọ egungun. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ̀kọ kọ́. Ìrẹsì lẹ máa jẹ, tiyín ni yóò sì jẹ́." Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú bọ́n nìyẹn.

Orúkọ ìyá yìí ni mo ní kí wọ́n kọ sórí kàátì. Mo kúkú lè kọ tèmi. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ orúkọ ìyàwó sórí oúnjẹ ilé nígbà tí àgbà obìnrin ilé ṣì wà láàyè? Bàbá arúgbó kan ló wà nídìí káúńtà lọ́jọ́ náà. Mo na kàátì ìdánimọ̀ ìyá sí i, ó da orúkọ náà kọ, ó dá a padà fún mi. Ọmọ Kétu ni, ó mọ àṣà wa, kò bi mí léèrè ohun kan. Èmi náà kò ronú kan ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ṣáájú Kérésì ni kàátì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Ẹsẹ̀ ìyá wú, kò lè bá mi lọ, ni mo bá dá lọ. Mi ò bá bàbá arúgbó yẹn níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀, tó ń fi Faransé lú Yorùbá. Ó gba kàátì, ó yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Màdáàmù, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?"

"Ti ìyá ọkọ mi ni."

"Ẹ pè é kí n gbọ́."

"Mi ò lè pè é."

Ó ní ẹnìkan ti mú kàátì oníkàátì wá láàárọ̀, ọ̀gá sì ti bínú sí àwọn. Ó ní kí n pe orúkọ náà, àbí kí n mú kàátì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. Kàátì ìdánimọ̀ yẹn wà nínú àpótí ìyá nílé. Mo ní kó ka orúkọ náà fúnra rẹ̀, èmi á sọ bóyá òun ni. Ó ní olè pàápàá lè sọ bẹ́ẹ̀. Títí dé ibẹ̀, mi ò rí i bá wí. Àmọ́ ó tún wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Àbí ẹ jí i ni?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó pọn ọmọ fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra pè é jẹ́jẹ́. Ta ló máa gbọ́ nínú ará ilé yín?"

Mo ní, "Èmi máa gbọ́."

Mo pe ìyá lórí fóònù, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Pè é. Mo fún ọ láyè. Ìrẹsì wa kò gbọdọ̀ ṣòfò." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́ ọ, torí ohùn fóònù mi máa ń ròkè. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ tí mo bá ti pe orúkọ, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

N kò pè é. Ẹ má sọ pé ahọ́n mi ló wúwo. Mo mọ orúkọ náà bí mo ti mọ tèmi. N kò fẹ́ ni. Obìnrin tó gbà mí wọlé, tó jókòó tì mí nígbà tí mo ń rọbí, kí n wá pọ orúkọ rẹ̀ jáde níwájú àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹnìkan pè mí lólè? Bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ ra ìrẹsì, kí ni n ó fi ra ẹran? Mo sọ fún un lórí fóònù pé, "Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin gbà, èmi ò gbà."

Mo rò pé yóò bínú. Ó ní, "Ó dáa. Jókòó síbẹ̀. Má dìde fún ẹnikẹ́ni."

Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì kan lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí n dìde. Mo ní ìyá ọkọ mi ló ní kí n jókòó. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ láti ti ilẹ̀kùn nígbà tí sẹ́mìjáàn kan, alùpùpù akérò, dúró, tí ìyá sọ̀ kalẹ̀, tó di ejìká ẹni tó gbé e mú. Ó ti fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń tiro wọlé, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó yọ kàátì ìdánimọ̀ síta, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, kíkankíkan. Mo wolẹ̀ títí ó fi pè é tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyá ní, "Èmi kọ́ lo pè lólè."

Ó yíjú sí mi, ó bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí n tó ní ó tó. Ẹ pè mí ní olóríkunkun bó bá wù yín.

Nígbà tí Akọ̀wé dé lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì tí a fi bọ́n gbà ti jinná, ó ti délẹ̀. Ó já àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró sáàárín àgbàlá, ó la ẹnu. Ìyá kò jẹ́ kó dé ibi tó ń lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, o káàbọ̀. Jókòó, kí ìyàwó wa bu oúnjẹ fún ọ." Akọ̀wé wo ìkòkò, ó wo ọkọ mi. Ọdún yìí, ọkọ mi kò wolẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé àwo síwájú Akọ̀wé. Ó jẹun. Nígbà tó tán, ó na àwo sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Mo bù ú kún.