Àkísà Abẹ́ Ilẹ̀ Pákó

Òórùn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òórùn aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ láìgbẹ ni, abẹ́ ẹní mi gan-an ló sì ti ń bọ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta ní Cotonou. Ọkọ̀ òfuurufú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí ilé wa ní Cadjèhoun, pákó ilẹ̀ yàrá sì gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ mi. Mo fẹ́ràn gbígbọ̀n yẹn ju oúnjẹ àárọ̀ lọ.

Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tó wá láti Pobè, ló fọwọ́ ara rẹ̀ to pákó náà. Omi kò jìnnà sójú ilẹ̀ ládùúgbò wa, ló bá gbé ilẹ̀ yàrá sókè lórí òpó kéékèèké, ó mọ ògiri kúkúrú yí i ká, ó dá ihò mẹ́rin síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. "Ẹ jẹ́ kí ilé mí," ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá gbé garawa dí ihò kan. Àwa ọmọ a máa sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, a ó fọwọ́ dimú, a ó máa rẹ́rìn-ín.

Màmá ń ta òkìrìkà, aṣọ àlòkù, ní ọjà Missèbo, orí pákó yẹn ló sì ń to ẹrù rẹ̀ sí. Ní àkókò òjò yẹn, oníbàárà á mú aṣọ, á gbé e sún mọ́ imú, á sì rọra dá a padà. Nígbà tó sú Màmá, ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tú pákó yìí kúrò, ká da sìmẹ́ǹtì. Aṣọ mi ń bàjẹ́." Bàbá ti wo àwọn ihò náà láti ìta, kò rí nǹkan kan. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra pákó náà, ó ní kí wọ́n fún òun láyè di Sátidé. Ọkàn mi bàjẹ́. Orí pákó yẹn ni mo ti kọ́ ìrìn.

Ní Sátidé, Bàbá yọ bíríkì méjì lára ògiri kúkúrú náà lẹ́yìn ilé, ó fún mi ní tọ́ọ̀ṣì. "Àṣàkẹ́, ìwọ lo tín-ín-rín jù nílé yìí. Wọlé, kí o sọ ohun tí o bá rí fún mi."

Mo fàyà wọ́ wọlé. Omi ń kán lára pákó sí mi lọ́rùn. Mo tan iná sí ihò àkọ́kọ́, mo sì rí aṣọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Àyà mi já. Èmi ni mo tì í bọ ibẹ̀! Nígbà tí adìẹ mi ń sàba lábẹ́ ibẹ̀, tí ológbò aládùúgbò ń yọ́ kiri, mo fi àkísà inú ẹrù Màmá dí ihò méje, mo fi ìkẹjọ tí mo ń ṣọ́ sílẹ̀ fún adìẹ náà, mo sì fi igi ti àwọn àkísà wọnú kí Bàbá má baà rí wọn. Àwọn òròmọdìẹ jáde tán, mo gbàgbé.

Mo lè bò wọ́n mọ́ inú iyanrìn níbẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo rò ó. Bàbá ní, "Kí lo rí?" Mo yọ gbogbo wọn, mo kó wọn mọ́ àyà, mo sì rá jáde.

"Èmi ni, Bàbá. Nítorí ológbò ni."

Màmá gba èyí tó ní òdòdó. "Háà! Bùláúsì tí mo ti wá títí!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá ti na ọwọ́ síwájú ihò. "Ó ń mí!" ló kígbe.

Ó fẹ àwọn ihò náà lójú, ó kó iyanrìn tó ti ga kúrò níwájú wọn, ó sì ta àwọ̀n onírin sí wọn, tí afẹ́fẹ́ lè gbà, tí ológbò kò lè gbà. Kí oṣù tó parí, pákó ti gbẹ, òórùn ti lọ, Màmá ti ń kọrin lọ sí Missèbo. Èmi ni mo wá ń ṣa ewé kúrò lójú àwọ̀n ní gbogbo Sátidé.

Pákó náà ṣì wà, ọkọ̀ òfuurufú ṣì ń mì ín. Èmi náà ti di akọ̀wé, mo sì ti sanra. Orí mi nìkan ni ihò tí mo gbà wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè gbà báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo fi ìwé kan sínú fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ń wá a. Mo rí i, mo mọ̀ pé èmi ni, mo sì jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin mo gbé e lọ bá ọ̀gá. "Èmi ni, ọ̀gá." Ẹ̀rín ló rín. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ojú tì mí díẹ̀: ọmọ abẹ́ pákó yẹn kò jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jẹ́wọ́.