Ibà tí Moríkẹ́ Kò Fẹ́ Kó Tán

Bí ẹ bá rí Moríkẹ́ níbi tó ti ń fi ojú kan wo inú maikirosikóòpù, ẹ ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o. Inú rẹ̀ ń hó. Ọdún kejì rèé tí wọ́n dáná sun abúlé wọn nígbà ìjà orí omi, tí Kọ́lájọ ọkọ rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ pé òun ń sá lọ sí Ayétòrò, tí kò sì débẹ̀. Ẹni tó wa ọkọ̀ náà dé ní tirẹ̀. Olówòkéré lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Kọ́lájọ láti kékeré. Ó ní omi ló gbé Kọ́lájọ lọ. Ó dáa, ṣé omi ò rí ẹ́ńjìnnì Kọ́lájọ tó wà nídìí ọkọ̀ ni? Kò pẹ́ tí Olówòkéré fi ń fi ẹ́ńjìnnì yẹn kan náà kó èrò láti Zion Pepe lọ sí Mahintedo, tó tún ń súfèé.

Ìyá Kọ́lájọ, Màmá Fẹ́yìsetán, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún ọmọ òun. “Gbé e wá ulí fún mi,” bó ṣe máa ń wí fún Moríkẹ́ nìyẹn, ulí ni ilé lẹ́nu tiwọn, “ì báà ṣe egungun. N ò lè sin òjìji.” Ohun kan ṣoṣo tí Moríkẹ́ ń wá láyé nìyí: kí Olówòkéré sọ ibi tó ju ọkọ òun sí.

Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà lórí òpó igi, ní abúlé tí wọ́n sá wá sí. Moríkẹ́ nìkan ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀, òun náà ló sì ń fúnni lóògùn nígbà tí nọ́ọ̀sì ò bá sí. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ibà ni ibà. Lójú Moríkẹ́, ẹbí ni wọ́n, oníkálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Fálísípárọ́ọ̀mù ni ìkà inú wọn. Òrùka tín-ín-rín ni, méjì mẹ́ta á há ara wọn mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan, èyí tó bá sì gbó á lẹ̀ mọ́ iṣan inú ọpọlọ títí aláìsàn á fi máa sọ ìsọkúsọ, kulorokuíìnì ò sì ràn án mọ́. Òfálè kì í sábà pani. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wọ̀ á gùn bí ẹyin, etí rẹ̀ á rí jágajàga. Àrékérekè ni tirẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn á lọ sùn sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ki, kulorokuíìnì á pa àwọn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tán, àwọn tó ń sùn ò ní mọ̀ pé ogun jà. Tó bá di oṣù mélòó kan, wọ́n á jí, ibà á tún dé. Pirimakuíìnì nìkan ló ń ká wọn mọ́ orí ibùsùn.

Ọjọ́ tí Olówòkéré kọ́kọ́ gbé ibà wá, òfálè ni Moríkẹ́ rí. Pirimakuíìnì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ka kulorokuíìnì nìkan sí i lọ́wọ́. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Láti ọjọ́ náà ni Olówòkéré ti di oníbàárà rẹ̀. Tó bá ti gbádùn díẹ̀, ibà á tún dá a dùbúlẹ̀, á tún wá, Moríkẹ́ á sì bi í léèrè. Tẹ́lẹ̀, “Bọ̀ọ̀dá” ló ń pè é.

“Ìwọ Olówòkéré, ibo lo gbé ọkọ mi sí?”

“Mo ti ní omi ló gbé e, Moríkẹ́.”

“Ó dáa. Gba oògùn rẹ, ó dìgbà míì.”

Moríkẹ́ ń gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́. Bó ṣe ń rí i tí ẹran ara Olówòkéré ń yọ́, oúnjẹ ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní òjò ọdún yẹn, ìyàwó Olówòkéré, Happiness, fà á gun àkàbà wá. Ọkùnrin náà ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí osùn.

“Moríkẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Èyí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Orí mi ń là. Wá oògùn gidi fún mi.”

“Sọ ibi tó wà.”

Omi bọ́ lójú Olówòkéré. “Ọkọ̀ fẹ́ rì. Wọ́n ń lé wa bọ̀. Mo tì í. Moríkẹ́, èmi ni mo tì í. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí. Mo padà lọ sin ín.”

“Níbo?”

“Kò ṣeé fẹnu júwe. Fún mi lóògùn, màá fi ọkọ̀ gbé ọ débẹ̀ lọ́la.”

Moríkẹ́ ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì. Kò da aró tó ń fi kòkòrò ibà hàn sí i, kò wò ó. Kí ló tún fẹ́ wò? Ṣé kì í ṣe òfálè tí òun ti ń sìn bí adìyẹ láti ọjọ́ yìí ni? Ó ní bí òun bá fún un ní pirimakuíìnì lónìí, irọ́ ni yóò gbé lé òun lọ́wọ́ lọ́la. Kulorokuíìnì ló tún kà fún un.

“Mú mi débẹ̀ ná. Èyí tó kù di ọ̀la.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọṣọ, ó jókòó sí etí omi. Ọkọ̀ tó dé, Happiness nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó ń ké. Ọkọ òun ò mọ òun mọ́. Moríkẹ́ gbé abẹ́rẹ́ kuníìnì, oògùn ibà tó bá ti gun orí, ó fò sínú ọkọ̀. Nígbà tó fi gún un, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n gbé Olówòkéré kọjú sí ọsibítù ní Ìgbókọ̀dá, Moríkẹ́ sì fi etí lé e lẹ́nu lójú ọ̀nà.

“Yà sọ́tùn-ún,” ni ọkùnrin náà ń wí. “Yà sósì. Igi tó wó. Yà sọ́tùn-ún.”

“Ọ̀tún ibo? Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, odò wo?”

Ó tún ní kó yà sọ́tùn-ún, ó sì kú.

Moríkẹ́ padà, ó da aró sórí gíláàsì náà, ó wò ó. Òrùka kún ibẹ̀ bámúbámú, méjì mẹ́ta nínú sẹ́ẹ̀lì kan: fálísípárọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe òfálè. Ká ní ó wò ó lánàá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ì bá ti mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Màmá Fẹ́yìsetán ń jó lórí pákó, ó ń pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀san dé! Olúwa gbà á fún mi!” Ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ó sọ ọ́ kó tó kú, àbí? Níbo ni ká ti lọ gbé e?”